Ohio State ọdún 2020: báwo ni tíìmù tó gbá géèmù mẹ́fà péré ṣe wọ inú mẹ́rin ìkẹyìn?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà bá ti délẹ̀ láàrin àwa ọmọ Yorùbá tá a wà ní Columbus, ìlú tí yunifásítì Ohio State wà, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàlàyé eléyìí fún mi o, lọ́dún Kòrónà yẹn, Alabama gbá géèmù 12 kí wọ́n tó dé fáínà, Ohio State gbá 7, àwọn méjèèjì wá lọ pàdé, irú líìgì wo nìyẹn?" Ó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu lóòótọ́. Ẹni tó ti ń wo Premier League láti kékeré mọ̀ pé géèmù 38 ni gbogbo ẹgbẹ́ máa gbá, ẹni tó bá kó póìǹtì jù ló gba ife, ó tán. Tibí ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ká tiẹ̀ má tíì fi Kòrónà kún un. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún yín, torí mo wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí èèyàn ń sọ pé ńṣe ni wọ́n gbé Ohio State gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ká kọ́kọ́ mú èyí kúrò lọ́nà: bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ kì í ṣe eléyìí tá à ń fẹsẹ̀ gbá. Òun lèyí tó rí ṣóńṣó lórí àti nídìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jù ú, èèyàn 11 dojú kọ èèyàn 11, tó o bá ti gbé e wọ ilé àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbá, póìǹtì 6 nìyẹn, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní touchdown. Ọmọ yunifásítì ló ń gbá èyí tá à ń sọ yìí, àmọ́ ẹ má fojú inter-house sports wò ó o. Pápá Ohio State tí wọ́n ń pè ní Horseshoe gba èèyàn 102,780. Ẹ tún un kà. Mo ń gbé nítòsí Lane Avenue nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ni mo lè fi rìn débẹ̀, tó bá di Sátidé tí géèmù wà, kí ojú ọjọ́ tó là dáadáa ni wàá ti máa gbóòórùn ẹran sísun, mọ́tò á ti tò láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin, àwọn onílé á máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ páàkì sórí koríko iwájú ilé wọn, aṣọ pupa ni gbogbo ìgboro. Bí ọjọ́ Ojúde Ọba ṣe máa ń rí ní Ìjẹ̀bú Òde ló rí, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀meje ni tiwọn láàrin oṣù mẹ́ta. Lọ́dún 2020, mo jáde síta láàárọ̀ Sátidé October 24 tí wọ́n kọ́kọ́ gbá, mo sì gbọ́ ìró bàtà ara mi lórí títì. Àwọn ẹbí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n gbà láyè, wọn ò ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ onílù àti oníkàkàkí tó máa ń wọlé kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ó dáa. Báwo ni líìgì wọn ṣe rí? Àwọn yunifásítì pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, conference ni wọ́n ń pè é. Ohio State wà nínú èyí tó ń jẹ́ Big Ten. Orúkọ yẹn ń sọ pé mẹ́wàá ni wọ́n, àmọ́ 14 ni wọ́n jẹ́ lọ́dún yẹn, ẹ má jẹ́ kíyẹn dà yín láàmú. Nígbà yẹn, lọ́dún tí nǹkan bá rí bó ṣe yẹ kó rí, géèmù 12 ni tíìmù kọ̀ọ̀kan máa ń gbá, Big Ten pín ara wọn sí ẹ̀ka méjì, ẹni tó wà lókè ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á wá gbá fáínà tiwọn, lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 kan á jókòó, wọ́n á wo gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n á mú tíìmù mẹ́rin. Mẹ́rin péré nígbà yẹn, kó tó di 12 lọ́dún 2024. Àwọn mẹ́rin yẹn ló máa gbá semi, àwọn méjì tó bá borí á wá gbá fáínà. Kókó ọ̀rọ̀ nìyí o: kò sí póìǹtì tí ẹnikẹ́ni ń kó jọ. Ìgbìmọ̀ yẹn ló ń wo ta lo nà, báwo lo ṣe nà án, ta ló nà ẹ́, wọ́n á wá fi ojú ara wọn sọ ẹni tó dáa jù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà tó ní o gbọ́dọ̀ gbá géèmù báyìí báyìí kí àwọn tó lè mú ẹ. Ẹni tí èyí bá ti yé, ìlàjì àlàyé mi ti tán.

Ìlàjì tó kù ni Kòrónà fà.

Láti March 2020 ni gbogbo nǹkan ti dúró. Ní July 9, Big Ten ní àwọn ò ní bá conference mìíràn gbá mọ́, àwọn á gbá láàrin ara àwọn nìkan. Ní August 5, wọ́n gbé tòun ti déètì géèmù jáde, géèmù 10 fún tíìmù kọ̀ọ̀kan, Ohio State ì bá bẹ̀rẹ̀ ní September 3 pẹ̀lú Illinois. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, August 11, wọ́n ní kò sí bọ́ọ̀lù mọ́, wọ́n ti sún un síwájú. Ohun tó bà wọ́n lẹ́rù jù ni ọ̀rọ̀ ọkàn: àwọn dókítà ti ń rí i pé lára àwọn tí Kòrónà mú, iṣan ọkàn àwọn kan ń wú, myocarditis ni wọ́n ń pè é, ọmọ tí ara ẹ̀ le kokooko tó ń sáré tọ̀sán tòru lè ṣubú lójijì tó bá ní in láìmọ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ẹni tó bá lọ́mọ á mọ̀ pé ẹ̀rù náà ní ìdí. Ohun tó bí àwọn èèyàn nínú ni pé wọ́n ò ṣàlàyé ẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ Nebraska kan gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù la tó gbọ́ pé ìbò 11 sí 3 ni wọ́n dì, àwọn mẹ́ta tó ní ká gbá ni Ohio State, Nebraska àti Iowa.

Justin Fields, quarterback Ohio State, ìyẹn ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó sì ń pín in fún àwọn tó kù, ló gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní August 16 pé àwọn fẹ́ gbá, àwọn èèyàn tó fọwọ́ sí i ju 300,000 lọ. Àwọn òbí lọ dúró síwájú ọ́fíìsì Big Ten ní Rosemont, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ààrẹ Trump náà pe ọ̀gá àgbà Big Ten, Kevin Warren, lórí fóònù. Ní gbogbo àsìkò yìí, àwọn conference bíi SEC tí Alabama wà àti ACC tí Clemson wà ò dúró, àwọn ń múra tiwọn lọ ní rẹbutu. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni nọ́ḿbà géèmù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàtọ̀ síra.

Ní September 16, Big Ten yí ohùn pa dà. Ohun tí wọ́n sọ pé ó yí àwọn lọ́kàn pa dà ni pé àyẹ̀wò tó ń yára jáde ti wà, àwọn sì lè máa ṣe é fún gbogbo ọmọ lójoojúmọ́. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: láràárọ̀, kí ọmọ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, wọ́n á ki owú orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò imú ẹ̀, wọ́n á yí i, wọ́n á rì í sínú omi kẹ́míkà, láìpẹ́ èsì ti jáde. Tí kò bá sí nǹkan kan, ó lè wọlé. Tí ohun kan bá wà, wọ́n á tún ṣe èyí tó lágbára jù tí wọ́n ń pè ní PCR láti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, tí PCR náà bá sì ní ó wà, ọjọ́ 21 gbáko ni ọmọ náà ò fi ní gbá géèmù, kó tó pa dà wọ́n gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ọkàn ẹ̀ síwá sẹ́yìn, kí dókítà ọkàn sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ 21, Sátidé mẹ́ta nìyẹn nínú líìgì tí kò ju Sátidé mẹ́sàn-án lọ. Kò sí conference tí tiẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀.

Fún tíìmù lódidi, bíi iná tráfíìkì ni wọ́n ṣe é, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ pupa. Tí àyẹ̀wò tó ń fi hàn pé àrùn wà bá ju ìdá 5 nínú 100 lọ, tí iye èèyàn tó ní in nínú tíìmù náà sì tún ju ìdá 7.5 nínú 100 lọ, ẹ ti wọ pupa nìyẹn, dandan ni kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kò sí ìdánrawò, kò sí géèmù.

Ibi tí gbogbo wàhálà ti wá gan-an nìyí, èmi sì gbà pé ẹni tí ò bá lóye ẹ̀ níbí ò lè lóye ẹ̀ níbòmíì. SEC bẹ̀rẹ̀ ní September 26, géèmù 10, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ sáàárín, wọ́n tún fi Sátidé December 12 sílẹ̀ fún gbogbo tíìmù, torí náà tí àìsàn bá da géèmù kan rú, wọ́n á sún un sí ọjọ́ mìíràn. Big Ten tó ti fi oṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣòfò ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní October 23 àti 24, géèmù mẹ́jọ ní Sátidé mẹ́jọ, ìkẹsàn-án ni fáínà, December 19. Kò sí ọ̀sẹ̀ ìsinmi kan ṣoṣo. Géèmù tó bá ti bọ́, ó bọ́ nìyẹn, wọn ò ní tún un gbá, wọn ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan borí ẹnì kan fìdí rẹmi, ńṣe ni wọ́n á kà á bíi pé kò fìgbà kan wà rí. O ò sì lè lọ wá ẹlòmíì gbá. Nebraska dán an wò nígbà tí Kòrónà mú àwọn Wisconsin tí wọ́n jọ fẹ́ gbá ní October 31, wọ́n ti rí yunifásítì kan láti Chattanooga tó fẹ́ wá, Big Ten ní rárá o. Ẹni tó bá mọ ọjà ọrún mọ̀ bó ṣe ń dunni kí ọjọ́ ọjà kọjá lórí ẹrù ẹni, àmọ́ ọjà ọrún á tún ná lọ́jọ́ karùn-ún. Tiwọn ò ní ná mọ́ títí ọdún á fi yí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé Ohio State. October 24, wọ́n na Nebraska 52 sí 17. October 31, wọ́n lọ na Penn State nílé wọn, 38 sí 25. November 7, Rutgers, 49 sí 27. Títí dé ibí, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. November 14 ni wọ́n fẹ́ lọ sí Maryland, Kòrónà ti mú àwọn ọmọ Maryland, wọ́n wọ́gi lé e. November 21, wọ́n gbá pẹ̀lú Indiana, ẹ rántí orúkọ yìí, 42 sí 35, Indiana fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kan àwọn fúnra wọn: Kòrónà wọlé sí Columbus, kóòṣì Ryan Day alára ní in, wọ́n wọ́gi lé géèmù Illinois ti November 28. December 5, Ryan Day ṣì wà nínú ilé, Larry Johnson tó ń kọ́ àwọn tó ń dí iwájú ló darí tíìmù lọ sí Michigan State, wọ́n nà wọ́n 52 sí 12. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí aláwọ̀ dúdú máa jẹ́ kóòṣì àgbà Ohio State nínú géèmù kankan, inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn láti sọ fún un, bẹ́ẹ̀ òun ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó wá ku Michigan, December 12.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé Michigan fún ẹni tí kì í gbé níbí. Nínú ọ̀sẹ̀ géèmù yẹn, wọ́n máa ń fi téèpù pupa bo gbogbo lẹ́tà M tó bá wà lára páálí orúkọ ní yunifásítì náà. Gbogbo ọdún ni wọ́n ti ń gbá a láti 1918. Ẹ wo 1918 yẹn dáadáa o, ọdún àjàkálẹ̀ àrùn ni òun náà, àìsàn tí àwọn bàbá ńlá wa ń pè ní lùkúlùkú nígbà tí ọkọ̀ òkun gbé e dé Èkó. Lọ́dún yẹn, pẹ̀lú ogun àgbáyé àti lùkúlùkú, géèmù mẹ́fà péré ni Ohio State gbá, wọ́n borí nínú mẹ́ta, wọ́n pàdánù mẹ́ta, Michigan sì nà wọ́n 14 sí 0 ní ìparí November. Ọdún tí àrùn ń jà ni okùn yẹn ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò já a nígbà ogun àgbáyé kejì, ọdún tí àrùn mìíràn ń jà ló wá já. Ní December 8, Michigan ní àwọn tí Kòrónà mú lára àwọn ti pọ̀ jù, àwọn ò lè wá.

Ohio State ti gbá márùn-ún nìyẹn, márùn-ún ni wọ́n sì borí. Òfin Big Ten sọ pé tíìmù tó bá máa gbá fáínà conference gbọ́dọ̀ ti gbá mẹ́fà. Ẹ ti ń rí ibi tó ń lọ. Tí wọ́n bá tẹ̀ lé òfin yẹn, Indiana tó borí mẹ́fà tó pàdánù ẹyọ kan ló máa lọ bá Northwestern tó wà lókè ní ẹ̀ka kejì gbá. Ní December 9, àwọn aláṣẹ Big Ten pàdé, wọ́n yọ òfin náà kúrò. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé Ohio State ò tíì pàdánù, wọ́n sì ti na Indiana fúnra ẹ̀, pé bí wọ́n bá tiẹ̀ gbá Michigan tí Michigan nà wọ́n, àwọn náà ló ṣì máa wà lókè.

Ojú tí mo fi wò ó nìyí. Ìpinnu yẹn tọ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni ò tọ́. Ó tọ́ torí pé nínú géèmù mẹ́ta tí Ohio State ò gbá, Maryland ló fa ọ̀kan, Michigan ló fa ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn fúnra wọn, o ò lè fi ìyà àìsàn ẹlòmíì jẹ ẹni tó múra tó sì dúró de ìjà. Àmọ́ òfin tí wọ́n mọ̀ pé ó lè já sí báyìí, ṣebí ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́ ní September ló yẹ kí wọ́n ti rò ó, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá sí fáínà, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ ẹni tó máa ṣe lóore àti ẹni tó máa gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ Indiana ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, Kòrónà sì tún wá da géèmù tí wọ́n fẹ́ bá Purdue gbá rú lẹ́ẹ̀mejì. Tí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Indiana bá ń bínú lórí ẹ̀ títí dòní, mi ò jẹ́ dá a lẹ́bi.

Ẹ sì má rò pé Ohio State nìkan lèyí ṣẹlẹ̀ sí. Géèmù méjì bọ́ mọ́ Minnesota lọ́wọ́ láàrin November àti December, ọmọ wa kan wà níbẹ̀, Boye Mafe, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí ẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbá méje péré. Nílé náà, ṣé ẹ rántí pé líìgì wa NPFL 2019/20 ò parí? Wọ́n pín póìǹtì sí iye géèmù tí oníkálukú ti gbá, Plateau United ló wà lókè, wọ́n fi ìyẹn mú àwọn tó máa lọ sí Áfíríkà. Ìyẹn ṣeé ṣe fún wọn torí póìǹtì wà nílẹ̀ láti pín. Ní Amẹ́ríkà níbi tí kò ti sí póìǹtì, orí ìgbìmọ̀ ni gbogbo ẹ̀ máa já lé.

December 19, ní Indianapolis, Ohio State àti Northwestern. Chris Olave tó máa ń gba bọ́ọ̀lù jù ò sí níbẹ̀, Fields fi àtàǹpàkò ṣèṣe, ìgbà tí wọ́n lọ sinmi, Northwestern ló wà níwájú, 10 sí 6. Trey Sermon ló gbà wọ́n. Ọmọ yẹn gbé bọ́ọ̀lù sáré ní ẹ̀ẹ̀mọkàndínlọ́gbọ̀n, ó fi kó yáàdì 331, kò sẹ́ni tó kó tó bẹ́ẹ̀ rí nínú géèmù kan ní Ohio State, 314 tí Eddie George kó lọ́dún 1995 ló wà tẹ́lẹ̀. 22 sí 10 ló parí sí. Ó pé mẹ́fà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ kéde: Alabama kìíní, Clemson kejì, Ohio State kẹta, Notre Dame kẹrin. Texas A&M tó borí mẹ́jọ tó pàdánù ẹyọ kan wà ní ipò karùn-ún, inú bí wọn gidi. Àwọn kan ní mẹ́jọ ju mẹ́fà lọ, kí ló tún kù láti sọ? Ohun tó kù ni pé ẹyọ kan tí A&M pàdánù, 52 sí 24 ni Alabama fi nà wọ́n, ìgbìmọ̀ sì gbà pé Ohio State tí ẹnikẹ́ni ò tíì nà ṣì lágbára jù wọ́n lọ. Ẹni tí mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ kó dun èèyàn jù ni Cincinnati, ìpínlẹ̀ Ohio kan náà yìí ni wọ́n wà, wọ́n gbá mẹ́sàn-án wọ́n borí mẹ́sàn-án, ipò kẹjọ ni wọ́n fi wọ́n sí, torí pé conference tí wọ́n wà ò lórúkọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi Kòrónà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn tẹ́lẹ̀.

Kóòṣì Clemson, Dabo Swinney, ní tiẹ̀, nígbà tí àwọn kóòṣì dìbò tiwọn, ipò 11 ló fi Ohio State sí. Kò fi bò, ó ní kì í ṣe pé wọn ò dáa lójú òun, géèmù tí wọ́n gbá ni kò tó. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni tó bá jẹ́ pé ó lè dúró síbẹ̀, àmọ́ òun gan-an ló máa bá wọn gbá nínú semi, ní New Orleans, January 1, 2021, àwọn ọmọ Ohio State sì ti ní ẹjọ́ nílẹ̀ pẹ̀lú Clemson, torí ọdún tó ṣáájú, Clemson ló lé wọn nílé nínú semi tọdún yẹn náà, 29 sí 23.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí ó dáhùn ìbéèrè yín ju gbogbo ìṣirò lọ. Ó di quarter kejì (ìdá mẹ́rin ni wọ́n pín géèmù sí, quarter ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan), Fields gbé bọ́ọ̀lù sáré fúnra ẹ̀, ó ń yí pa dà, James Skalski láti Clemson forí sọ̀kò lù ú, akoto orí ẹ̀ ló fi gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ níhà. Fields wó lulẹ̀. Ó di ìhà mú, ó káwọ́ gbera jọ sórí koríko, ojú ẹ̀ fún pọ̀, kò sẹ́ni tó wà nínú yàrá tá a ti ń wò ó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n lé Skalski jáde. Wọ́n fa Fields dìde, wọ́n mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíì wọlé fún bọ́ọ̀lù ẹyọ kan péré, Fields pa dà wọlé, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jù ni Olave gbà wọlé, touchdown. Pẹ̀lú ìhà yẹn, touchdown mẹ́fà ló jù lálẹ́ ọjọ́ náà, yáàdì 385. Ohio State 49, Clemson 28. Ẹni tó bá bi mí pé ṣé tíìmù tó gbá mẹ́fà yẹ ní ibi tí wọ́n gbé e sí, 49 sí 28 ni mo máa ń fi dá a lóhùn.

Fáínà ò dùn ún sọ, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀. January 11, ní Miami Gardens, wọ́n jẹ́ kí èèyàn 14,926 wọlé. Sermon ṣèṣe níbi bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbé, kò gbá mọ́. DeVonta Smith láti Alabama gba bọ́ọ̀lù 12, yáàdì 215, touchdown mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó lọ sinmi. 52 sí 24. Àbí ẹ ò rí nǹkan, iye tí wọ́n fi na Texas A&M náà gẹ́lẹ́ ni. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ Ohio State ò yá torí géèmù tí wọ́n gbá ò tó, èmi ò gbà, Alabama ọdún yẹn ò ní alátakò, gbogbo 13 tí wọ́n gbá ni wọ́n borí.

Ó ku nǹkan méjì tí wọ́n ṣì máa ń bi mí. Àkọ́kọ́ ni, kí ló dé tí àwọn ọmọ kan fi wà ní yunifásítì fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìgbà náà? NCAA, àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá yunifásítì, ní òfin pé ọdún mẹ́rin ni ọmọ lè fi gbá láàrin ọdún márùn-ún. Ní August 2020, wọ́n ní 2020 ò ní sí nínú ìṣirò, bóyá o gbá géèmù kan ni o, bóyá o gbá 12, bóyá o ò gbá rárá, ọdún yẹn kàn jẹ́ èènì. Ibẹ̀ ni ọmọ ọdún 24 ti ń bá ọmọ ọdún 18 du ipò kan náà.

Èkejì ni, báwo ni wọ́n ṣe wá kọ ọ́ sínú ìwé? Méje borí, ọ̀kan pàdánù, àwọn ló gba ife Big Ten, ó dúró bẹ́ẹ̀. Àwọn géèmù mẹ́ta tó bọ́ ò sí níbì kankan. Nínú ìtàn àwọn àti Michigan, láti 2019 ni wọ́n ti fò sí 2021. Láti 1934, ọmọ Ohio State tó bá na Michigan máa ń gba sòkòtò góòlù kékeré kan, ó tó ohun téèyàn lè fi kọ́ ṣéènì ọrùn, wọ́n á fín ọdún àti èsì sí i lára, àwọn àgbàlagbà kan níbí ṣì ń tọ́jú tiwọn pamọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìyá wọn. Tíìmù 2020 na Clemson, wọ́n gba Big Ten, wọ́n dé fáínà gbogbo Amẹ́ríkà. Wọn ò ní sòkòtò 2020.